Ẹja Àrọ̀ Kì Í Ṣe Òògùn Owó



Ọ̀rọ̀ kan ti gba ìgboro láti Bánigbé dé Ìfọ̀nyìn, láti Ìfọ̀nyìn dé Ṣàkẹ́tẹ́. Bí ọmọ bá gba bac tán tí kò rí iṣẹ́, bí ẹlòmíràn bá gba licence tí orúkọ rẹ̀ kò jáde nínú àwọn tí ìjọba gbà, ìmọ̀ràn kan náà ni tará tọ̀rẹ́ ń dá fún un: "Lọ sin ẹja àrọ̀. Oṣù mẹ́fà péré, owó ti dé." Wọ́n á kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, wọ́n á ta ọmọ ẹja fún un, wọ́n á sì kí i kú oríire. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ọdún tó yí po, kòtò ti gbẹ, gbèsè ni ó kù nílẹ̀.

A kò mú kálámù láti bá iṣẹ́ ẹja jà. Ẹja ni ẹran àwọn baba wa, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí àrọ̀ nínú ọbẹ̀ tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń bá jà ni irọ́ tí wọ́n wé mọ́ iṣẹ́ náà lára. Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: sísin ẹja lérè fún ẹni tí ó ti ní oko, tí ó ní omi, tí ó sì lè rí apá kan nínú oúnjẹ ẹja láti ọwọ́ ara rẹ̀. Kò lérè fún ẹni tí ó yá owó ra gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú èkejì tà fún wa ní orúkọ èkíní, ẹ̀tàn ni ó ń tà, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù, tí ó sì ń sọ Faransé bí omi.

Ìtàn tí ó dùn jù lẹ́nu àwọn oníwàásù òwò yìí ni ti ẹja koi àwọn ará Japan. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ta ẹja kan ṣoṣo ní ọ̀kẹ́ àìmọye?" Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ta ẹja koi kan ní Hiroshima ní mílíọ̀nù 203 yẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá sọ ìtàn, kí ó sọ ọ́ dé ìdí. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè Niigata ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ẹja aláràbarà yìí sọ́tọ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, láti inú ẹja tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ nígbà òtútù. Ó di ọdún 1914, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Tokyo, kí àwọn ará Japan tó mọ̀ ọ́n káàkiri. Iṣẹ́ ìran dé ìran ni. Nínú ọmọ tí ìyá ẹja kan bá bí, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ni olùsìn ń yọ dànù, nítorí pé àwọ̀ tàbí ìrísí wọn kò dé ojú ìwọ̀n. Ní ọdún 2003, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà pa ẹja wọn lọ bẹẹrẹ ní adágún Kasumigaura. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ilẹ̀ mì tìtì ní Niigata, ó sì ba adágún àwọn olùsìn ẹja jẹ́ ní Yamakoshi. Ẹja kan pa mílíọ̀nù. Àwọn tí kò pa nǹkan kan, ta ni ń ka orúkọ wọn?

Yàtọ̀ sí èyí, àrọ̀ kì í ṣe koi. Ẹwà ni olówó ń rà lára koi, kò ní sè é. Ìwọ̀n kílò ni ìyá olóúnjẹ ń rà lára àrọ̀, òun yóò sì ná an títí ẹni tí ń tà yóò fi rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó koi polówó àrọ̀ dà bí ẹni tí ó fi iye owó ẹṣin eré-ìje polówó ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a yin ẹja náà níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Àrọ̀ jẹ́ ẹja alágbára. Ó ní ẹ̀yà ara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, nítorí náà ó lè wà láàyè nínú omi tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Ó ń yára dàgbà: bí oúnjẹ rẹ̀ bá pé, ó lè wọ kílò kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. A lè gbé e dé ọjà láàyè. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń kà fún àwọn ọ̀dọ́ wa, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ẹja kì í tètè kú kò túmọ̀ sí pé owó kì í kú. Ẹja lè yè kí ẹni tí ó ni ín sì wọko gbèsè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. A mú iye owó tí ń bọ̀ yìí bí àpẹẹrẹ ni. Ẹni tí ó bá mọ iye ti ọjà tirẹ̀, kí ó fi rọ́pò tiwa. Ọ̀nà ìṣirò náà ni a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú.

Ká ní a ra ọmọ ẹja 1,000 ní CFA 75 ọ̀kọ̀ọ̀kan: CFA 75,000. Ká ní 150 kú lójú ọ̀nà, tí 850 yòókù sì wọ kílò kan kan. Bí olùsìn bá mọ iṣẹ́, kílò oúnjẹ kan ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀ ni ó ń sọ di kílò ẹja kan. Ká fi 1.3 ṣe é. Ẹja 850 kílò yóò jẹ oúnjẹ 1,105 kílò. Bí kílò oúnjẹ bá jẹ́ CFA 900, CFA 994,500 nìyẹn. Ká fi CFA 100,000 sí omi, epo ẹ̀rọ afami, oògùn àti owó ọkọ̀. Kòtò onírọ́bà tí a ń pè ní báàṣì, ká ní ó jẹ́ CFA 300,000 tí yóò sì gba ìkórè mẹ́fà kí ó tó ya: CFA 50,000 fún ìkórè kan. Àpapọ̀ owó tí ó jáde jẹ́ CFA 1,219,500. Bí a bá ta kílò kan ní CFA 1,500, owó tí ó wọlé jẹ́ CFA 1,275,000.

Èrè jẹ́ CFA 55,500 fún oṣù mẹ́fà. Bí a bá pín in, CFA 9,250 ni fún oṣù kan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Benin fi lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 jẹ́ CFA 52,000. Ọmọ tí ó ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù bọ́ ẹja, tí ó ń pààrọ̀ omi, tí ó ń ṣọ́ kòtò lóru nítorí olè àti nítorí ẹyẹ, kò rí ìdá márùn-ún owó náà. A kò sì tíì fi èlé gbèsè kún un.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀ náà ti yọ̀ tó. Bí ìyá oníbàárà bá ná CFA 100 péré kúrò lórí kílò kan, owó tí ó wọlé di CFA 1,190,000; èrè ti lọ, àdánù CFA 29,500 ti dé. Bí olùsìn bá jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì tí ń da oúnjẹ sómi ju bí ẹja ti ń jẹ lọ, tí 1.3 fi di 1.6, oúnjẹ nìkan yóò jẹ́ CFA 1,224,000, àdánù yóò sì jẹ́ CFA 174,000. Àìmọwọ́-ọ́n-yí kékeré báyìí ni ó sọ ọmọ olóòótọ́ di onígbèsè. Kò jalè, kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ìṣirò ni wọn kò ṣe fún un.

Ohun tí ó hàn gbangba nínú ìṣirò yìí ni pé oúnjẹ ni olúwa iṣẹ́ náà. Nínú CFA 100 tí ó jáde, ó lé ní 80 tí ó bá oúnjẹ lọ nínú àpẹẹrẹ wa; bí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, òun náà ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ń ra gbogbo oúnjẹ ẹja rẹ̀ nínú àpò láti ilé ìtajà, iṣẹ́ ọ̀gá oníléeṣẹ́ oúnjẹ ni ó ń ṣe. Ẹja jẹ́ ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí ó mú sùúrù títí owó ọjà yóò fi gòkè." Àgbàdo ni a lè kó sínú àká kí a máa retí owó. Àrọ̀ kò ní àká. Ọjọ́ tí ó bá wọ kílò kan, ọjọ́ náà ni ó yẹ kí ó kúrò lómi, nítorí pé ní ọ̀la yóò tún jẹun, èrè olówó rẹ̀ ni yóò sì máa jẹ. Oníbàárà mọ èyí dáadáa. Ó mọ pé olùsìn tí kòtò rẹ̀ kún kò lè dúró, nítorí náà òun ni ó ń dá iye owó. Bí ọ̀dọ́ mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá sì ra ọmọ ẹja lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ẹja wọn yóò gbó lọ́sẹ̀ kan náà, wọn yóò sì jọ máa sáré tọ oníbàárà kan náà. Ẹni tí ó ta ọmọ ẹja ti lọ sí ìlú mìíràn.

Ìdáhùn wọn sí èyí ni ti Nàìjíríà. "Ẹnubodè kò jìnnà sí wa, ọjà Nàìjíríà kò lópin." Àwa ará Ìfọ̀nyìn ni ó yẹ kí a kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìwádìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde ṣíṣí díẹ̀ nínú wọn, tí ti Sẹ̀mẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ti Ìdí-Ìrókò, èyí tí ó kọjú sí Igolo wa, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ ṣíṣí rẹ̀ tó jáde. Láti ìgbà náà dé ìgbà yẹn, ẹja ìkórè márùn-ún ìbá ti gbó nínú kòtò. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Àwọn tí ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ iye tí ọ̀nà ẹ̀yìn ń jẹ.

Ti owó wọn náà tún ńkọ́? CFA so mọ́ euro ní 655.957 sí ẹyọ kan, kò lọ, kò bọ̀. Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ẹ rò ó wò. Bí náírà bá ṣubú báyìí, ẹja tiwa á wọ́n lójú ará Ìdí-Ìrókò, ẹja tiwọn á sì pọ́ọ́kú lójú wa. Nàìjíríà ni ó sì ń sin àrọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ta ni yóò gbé omi lọ tà fún ẹlẹ́dọ̀? Nígbà tí ìjọba wọn yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo tí a fi ń wa ẹ̀rọ afami wọ́n lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ohun tí Nàìjíríà ń ṣe sí wa kò pin sí ọjà. Ó ń wọ inú kòtò ẹja wa.

Àwọn mìíràn ní kí a má wo Nàìjíríà, kí a wo ilé. Wọ́n ní Benin ń ra ẹja inú yìnyín láti òkèèrè nítorí pé ẹja tiwa kò tó. Wọ́n ní ààyè wà nìyẹn. Ẹja tiwa kò tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìtó kọ́ ni ọjà. Ìyá tí ó ń ra ẹja inú yìnyín kò rà á nítorí pé ó dùn ju àrọ̀ lọ; ó rà á nítorí pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Òun ni ó ń di iye owó àrọ̀ mú nílẹ̀. Ẹni tí yóò bá gba àyè ẹja inú yìnyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá bí àrọ̀ tirẹ̀ kò ṣe ní náni lówó tó bẹ́ẹ̀. A tún ti padà sórí oúnjẹ nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń tan àwọn tí ó gbọ́n díẹ̀: "Má sin ẹja ńlá, pa ọmọ ẹja, ibẹ̀ ni owó wà." Iṣẹ́ ọmọ ẹja jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. A ń gún ìyá ẹja lábẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ tó gbó; akọ ni a sábà máa ń pa kí a tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tó, ẹyin ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kòkòrò omi iyọ̀ tí a ń pè ní Artemia ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bọ́ wọn, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti adágún iyọ̀ ńlá kan ní Utah ní Amẹ́ríkà wá nínú agolo. Kò tán síbẹ̀. Àrọ̀ ń jẹ ara wọn: èyí tí ó bá fi díẹ̀ tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yóò máa gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Bí olùsìn kò bá ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n lóòrèkóòrè, ẹgbẹ̀rún á di ọgọ́rùn-ún lójú rẹ̀. Ṣé ọjọ́ méjì ni a fi ń kọ́ èyí? Èrè wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, bí ó bá ti ń rí ẹni tí yóò máa rà á. Ìdí nìyẹn tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi ń wàásù. Oníwàásù kò nílò kí àwa jèrè. Ó nílò kí a bẹ̀rẹ̀.

A mọ ohun tí ọ̀dọ́ kan yóò sọ sí wa. Yóò ní: "Olùkọ́, ìjọba ń san owó oṣù fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ yó, ẹ má dí ẹni tí ebi ń pa lọ́nà." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa ni a kọ́ wọn ní ìwé, ìwé náà ni kò sì fún wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ebi ń pa wọ́n ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́rọ̀ lè fi mílíọ̀nù kan ṣeré, kí ó sọ ọ́ nù, kí ó tún mú òmíràn. Mílíọ̀nù kan tí ọmọ tálákà kó sínú kòtò, àjọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, owó oko ọ̀pẹ tí baba rẹ̀ fi dúró wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ tí bàbá àgbà gbìn ṣì ń so lẹ́yìn tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá ta oko ọ̀pẹ láti ra báàṣì tí yóò ya láàárín ọdún mélòó kan, kí ni yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́?

Kí wá ni kí wọ́n ṣe? A kì í sọ fún ọmọ pé kí ó má jẹ iṣu kí a má sì fi oúnjẹ mìíràn hàn án. Àwọn ọ̀nà mẹ́ta kan wà tí kò jìnnà sí wa.

Èkíní ni ọgbọ́n àwọn ará etí odò Wẹ̀mẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò gígùn sínú ilẹ̀ àkúrọ̀ tí odò ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Faransé ń kọ ọ́ ní whedo. Bí odò bá kún, ẹja ń wọlé. Bí odò bá fà, ẹja kù sínú kòtò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a kó wọn. Wọn kò ra ọmọ ẹja, omi ni ó gbé e wá. A kò sọ pé Bánigbé wà létí Wẹ̀mẹ̀. A sọ pé àwọn tí ó mọ ẹja jù wá lọ kọ́kọ́ wo ohun tí ilẹ̀ wọn ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó náwó. Ẹni tí kò ní kànga tàbí àkúrọ̀, tí yóò máa ra omi fún ẹja, kí ó má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Èkejì wà ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1985, Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ ìjọ Dominican, dá Songhai sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí ni pé ẹja kò dá dúró níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ àti pàǹtí oko ń di ìdin, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi kòtò ẹja ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀gbin ní apá kan ni oúnjẹ ní apá kejì. Ẹ padà sí ìṣirò wa: bí àgbẹ̀ kan bá fi ìdin, èérí àgbàdo, sóyà àti pàǹtí èkùrọ́ tí a ti yọ àdín rẹ̀ dín owó oúnjẹ kù ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, tí ẹja rẹ̀ sì dàgbà dọ́gba, yóò tọ́jú CFA 298,350. Èrè CFA 55,500 yóò di CFA 353,850. Kòtò kan náà, ẹja kan náà, ọjà kan náà. Agbo adìẹ àti oko ni ó yàtọ̀. Ìdí rèé tí a fi sọ pé ẹja yẹ àgbẹ̀, kò yẹ ẹni tí ó fẹ́ sá fún iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà ní òkè odò, ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Níbẹ̀, àwọn olùsìn àrọ̀ kó kòtò wọn jọ sójú kan ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ènìyàn púpọ̀ bá jọ lọ ra oúnjẹ, wọ́n lè ná an. Bí wọ́n bá jọ tà, oníbàárà kò lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwa yóò fi ààrò ìyanja kan kún un. Àrọ̀ tútù kò lè dúró de ọjà, ṣùgbọ́n àrọ̀ yíyan lè dúró. Igi wa, ọwọ́ àwọn ìyá wa tí ó mọ ẹja yan, àwọn nìyí tí a kò ní yá owó rà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan ìwé yìí àti ẹgbẹ́ wa gan-an. Èdè Faransé ni àwọn oníwàásù fi ń kọ ìwé wọn: "rentabilité", "chiffre d'affaires", "plan d'affaires". Ọmọ gbọ́ díẹ̀, ó sì tijú láti bèèrè ìyókù. Ìyá tí ó ni owó kò gbọ́ rárá. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tú ìdí aṣọ, ó fún un. A kò sọ pé Faransé burú. Òun ni a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí a kò lè ṣe ní èdè ẹni tí ó ni owó, ìṣirò olè ni. Owó tí ó jáde, owó tí ó wọlé, àdánù, èrè, èlé: èwo nínú wọn ni Yorùbá kò ní? Àwọn ìyá ìyá wa ń gba àjọ, wọ́n ń pín in, ẹnì kan kò sì ṣìṣe, kí a tó kọ́ wọn ní a-b-d.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Kí a má tún yá ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn wa láti kọ́ni ní òwò ẹja, àfi bí ó bá kọ́kọ́ gbé ìwé ìṣirò ìkórè kan tirẹ̀ wá, láti ọjọ́ tí ó ra ọmọ ẹja dé ọjọ́ tí ó ta èyí tí ó gbẹ̀yìn, kí a sì kà á sétí ìpàdé ní Yorùbá. Ẹni tí òwò rẹ̀ lérè kò ní sá fún èyí. Èkejì, kí a pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Kétu, kí wọ́n wá fi oúnjẹ tí a lè ṣe láti inú oko Bánigbé hàn wá. Kétu kì í ṣe ìrìn àjò. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ mú ìṣirò kòtò ẹja wọ kíláàsì. Ìdá ọgọ́rùn-ún tí a ń kọ́ ọmọ, kí ó fi ka èlé gbèsè kí ó tó fọwọ́ sí i. Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kíkán ni yóò kán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ má tà á. Bí ẹ bá ní adìẹ, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọmọ ẹja ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo kóbọ̀ tí ó jáde sílẹ̀. Bí ìwé yín bá fi èrè hàn, ẹ fi igba kún un. Bí ó bá fi àdánù hàn, ẹja ọgọ́rùn-ún kò lè ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ yan án, kí ilé jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan àti gbèsè, ẹ bi í léèrè ibi tí kòtò tirẹ̀ wà, kí ẹ sì ní kí ó mú yín débẹ̀.